TP-Link TL-WN725N: ẹni tó yẹ kó rà á àti ẹni tí kò yẹ

Ẹ̀rọ Wi-Fi yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Tí ẹ bá fi sínú ihò USB, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní Wi-Fi, tàbí láptọ́ọ̀pù tí tirẹ̀ ti kú, á rí ráútà láìfa wáyà. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa. Torí náà, kí ẹ tó wọkọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Ìgbógbó wá rà á ní Ìkòròdú, ẹ rí i dájú pé Wi-Fi ló ń ṣe kọ̀ǹpútà yín.

Láti mọ̀ ọ́n, ẹ fi okùn tí ẹ fi ń sáàjì so fóònù tó ní dátà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan USB tethering lórí fóònù náà, kó lè fún kọ̀ǹpútà ní dátà. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ara kọ̀ǹpútà le. Wi-Fi rẹ̀ tàbí ráútà ni kí ẹ mú. Tí kò bá wọlé, ẹ ṣí cmd (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ lórí Windows), kí ẹ tẹ ping 8.8.8.8. Tí èsì bá ń padà wá síbẹ̀ tí ojúlé kankan kò ṣí, DNS, ohun tó ń sọ orúkọ ojúlé di nọ́ńbà, ló bàjẹ́: ẹ kọ 8.8.8.8 àti 1.1.1.1 sí àyè rẹ̀ nínú ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà.

Tó bá jẹ́ “Your connection is not private” ló ń gbé wá níbi gbogbo, ẹ wo ọjọ́ àti ọdún tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Bátìrì CR2032 inú CPU ló ń gbé aago ró nígbà tí iná bá lọ, níbi tí iná kì í sì í dúró, kì í pẹ́ kú. Aago á padà sẹ́yìn, ìwé ẹ̀rí ààbò àwọn ojúlé kò ní bá ọjọ́ náà mu mọ́. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà, ẹ tún aago ṣe. Owó kékeré ni.

Ẹni tó wá nílò ẹ̀rọ yìí lóòótọ́, kó mọ̀ pé ìgbì Wi-Fi 2.4GHz nìkan ló ń gbọ́. Hotspot fóònù tó wà lórí 5GHz kò ní hàn sí i rárá, tó bá sì jẹ́ ààbò WPA3 nìkan ló wà lórí hotspot náà, kò ní gbà á wọlé. Ẹ yí hotspot fóònù sí 2.4GHz àti ààbò WPA2. Ìyára 150Mbps tí wọ́n kọ sára páálí kì í jáde tán, àmọ́ ó tó fún ẹ̀kọ́ ọmọ àti fídíò lórí 4G.

Ibi tó kù sí ni eríàlì rẹ̀, ó kéré jù. Tí ẹ bá fi í sẹ́yìn CPU, irin á bo ìgbì rẹ̀. Tí fláàṣì tàbí háàdì díìsìkì bá ń ṣiṣẹ́ nínú ihò USB 3.0 aláwọ̀ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo ihò náà máa ń bọ́ sórí 2.4GHz gan-an, Wi-Fi á máa já. Okùn USB oníwọ̀n mítà kan tó gbé e wá sórí tábìlì ló ń yanjú méjèèjì.

Tí ògiri búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta bá wà láàárín yín àti ráútà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ra TL-WN722N tó ní eríàlì gígùn, tàbí kí ẹ kúkú fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e, tó lè dé 100 mítà.