Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀: wọ́n ń fi bọ́ọ̀tù dí ẹnu PCV

Ẹ̀yin tó ń wá ọkọ̀ rà lásìkò yìí, pàápàá Camry tí à ń pè ní Muscle, ẹ la ojú yín sílẹ̀ dáadáa. Ẹ́ńjìnì tí rìǹgì rẹ̀ (òrùka irin tó yí písítìnì ká) ti jẹ tán ni wọ́n ń tà fún èèyàn bí èyí tó pé, mẹ́káníìkì tó bá sì ń kánjú kò ní rí i.

Kò sí ẹ́ńjìnì tí gáàsì díẹ̀ kì í yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì lọ sísàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. PCV ni fáàfù kékeré tí gáàsì yẹn ń gbà padà sínú ìntéèkì, ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ẹ́ńjìnì lè jó o. Bí rìǹgì bá ti gbó, gáàsì á pọ̀ ju ohun tí fáàfù lè gbé, á máa kó ọ́ìlì dání lọ sí ìntéèkì, sàlẹ́ńsà á sì máa rú èéfín búlúù.

Ohun tí àwọn oníjìbìtì yìí wá ń ṣe nìyí: wọ́n á yọ hóòsì PCV lẹ́nu ìntéèkì, wọ́n á ki bọ́ọ̀tù bọ ibẹ̀, wọ́n á fi kílíìpù dè é. Wọ́n á so páípù mìíràn mọ́ fáàfù náà, wọ́n á gbé e gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì lọ sábẹ́ ọkọ̀, kí èéfín máa bá ilẹ̀ lọ. Wọ́n á wá da ọ́ìlì tó ki sí i. Kí ẹ tó dé, wọ́n á ti tan ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnì ti gbóná sílẹ̀.

Ọ̀kan tí mo fojú ara mi rí ní Berger l'Ékòó, bọ́ọ̀tù náà tuntun, ó ń dán gbinrin láàárín ẹ́ńjìnì tí gbogbo ara rẹ̀ ti dúdú. Lábẹ́ ọkọ̀, ẹnu páípù ń kán tó, tó, sórí sìmẹ́ńtì. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní omi AC ni. Omi AC tó dúdú, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́!

Ní 1961 ni California ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ máa lo PCV, torí pé kó tó dìgbà yẹn, ilẹ̀ ni ọkọ̀ ń tú gáàsì náà sí gba páípù kan lábẹ́. Camry 2008 ni wọ́n wá dá padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Ìdí tí mo fi dárúkọ Muscle ni ẹ́ńjìnì 2AZ-FE tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ó ní àìsàn mímu ọ́ìlì, débi pé Toyota fa wárántì gùn nítorí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá ń fa géèjì ọ́ìlì wò déédéé, tó ń wà á nígbà tí ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, rìǹgì náà á jẹ tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń gbé e jáde fún títà.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni. Bó bá gbóná, ẹ ní ẹ ó padà wá ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí wọ́n má tan án. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án lójú yín, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn kó máa wo sàlẹ́ńsà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnì ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tẹ iná o, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ tẹ́ bébà pẹlẹbẹ lé ẹnu ihò náà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù tó dára, á fa bébà náà mọ́ra díẹ̀. Bó bá tì í dànù, ó ṣeé ṣe kí rìǹgì ti máa lọ. Bí kò bá fà á, tí kò sì tì í rárá, ẹ máa wá bọ́ọ̀tù kiri.

Ẹ fi sikánà, ẹ̀rọ tí ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wò ó náà. Tí ó bá ní àwọn àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò tíì parí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu kóòdù àìsàn ọkọ̀ ni, tàbí kí wọ́n ti yọ bátìrì. P0420, kóòdù tó ń sọ pé kátálíìsì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páípù sàlẹ́ńsà) kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ni wọ́n sábà máa ń sá fún, torí èéfín ọ́ìlì máa ń bà á jẹ́. Ẹ wo abẹ́ pẹ̀lú, bóyá kátálíìsì ṣì wà. Púlátínọ́ọ̀mù àti páládíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lówó lórí, ó sì ti di òwò fún àwọn kan láti gé e, kí wọ́n jó irin lásán sípò rẹ̀.

Ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀, kó má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ́ńjìnì Belgium, ìyẹn tòkunbọ̀, fún un. Ẹ yọ bọ́ọ̀tù, ẹ dá hóòsì padà, ẹ fi PCV gidi sí i. Ẹ mi èyí tí wọ́n bá kó fún yín ní ọjà Ládípọ̀: ó gbọ́dọ̀ dún kó-kó-kó nínú. Fáàfù tó dí nìkan tó láti mú kí síìlì máa da ọ́ìlì. Bí ọkọ̀ bá ṣì ń mu lítà kan láàárín kìlómítà 1,000, ẹ ní kí wọ́n wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú yín. Tó bá pé, písítìnì àti rìǹgì ni kí ẹ pààrọ̀, bí Toyota ṣe ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà, kì í ṣe odidi ẹ́ńjìnì.