Mo fi oṣù mẹ́rin dán whey àti creatine wò: èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tó kàn ná mi lówó

Ọjọ́ Àìkú ni mo kọ́kọ́ gbé irin lé èjìká ní jíìmù kan ní Bódìjà. Mo lóṣòó, mo dìde, mo lóṣòó, mo dìde, títí ọmọkùnrin tó ń kọ́ wa fi ní ó tó. Lọ́jọ́ Ajé, itan ń ro mí díẹ̀, mo ní kò burú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò lè sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn níléèwé tí mo ti ń kọ́ni. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, mo ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, àwọn ọmọ JSS 2 tò sísàlẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé ọ̀kadà ló gbá yín ni?"

Ẹni ọdún 43 ni mí, mo wọn kìlógíráàmù 78. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan la jọ pinnu pé a máa sá kìlómítà 10 níbi máráthọ́ọ̀nù Èkó tó máa ń wáyé ní oṣù kejì ọdún. Àwọn akọni tó ń sá 42 láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè dé Eko Atlantic, a kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn o. Nígbà tí mo ròyìn ẹsẹ̀ mi ní jíìmù, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í mu nǹkan kan ni? Ẹ lọ ra whey. Ẹ ò ní gbúròó ìrora mọ́."

Mo lọ ra méjì: ike whey, ìyẹn páúdà pùrótíìnì tí wọ́n ń yọ lára mílíìkì, kìlógíráàmù 2 ní ₦118,000, àti creatine, páúdà tó ń fún iṣan lágbára, gíráàmù 300 ní ₦42,000. Ìyá Dámi gbọ́ iye rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó wo ojú mi, ó wo ike, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, torí ohun tó wà nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Kí n tó ṣí wọn, mo fi odindi oṣù kan ṣe eré ìdárayá láìmu nǹkan kan. Mo ń kọ bí ìrora ṣe pọ̀ tó sínú ìwé, láti òdo dé 10. Tíṣà ni mí, mo fẹ́ràn máàkì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí whey. Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá oníwàrà rí ti rí whey, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá á gbé mílíìkì kaná, á fún oje bọ̀mùbọmù sí i, á máa wò ó títí yóò fi dì, á wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké. Omi tó ń kán tó, tó, tó lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ yẹn, tó mọ́ tó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, òun gan-an ni whey. Àwọn òyìnbó ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń gbẹ ẹ́ di páúdà, wọ́n ń fi adùn ṣokoléètì sí i, ó sì di ₦118,000. Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ máa bu omi wàrà mu o: ife ńlá kan kò ju bíi gíráàmù pùrótíìnì 2 lọ. Tí a bá pín pùrótíìnì inú mílíìkì sọ́nà márùn-ún, mẹ́rin ló dì sínú wàrà fúnra rẹ̀, ẹyọ kan ló bá omi lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo da ṣíbí kan sínú ife omi, mo mì ín pọ̀, mo gbé e mu. Ó dùn, ó ń ta sánsán bíi Bọ́nfítà. Kò tíì pé wákàtí kan tí inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, níwájú kíláàsì, lórí ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin. Mo fún àwọn ọmọ níṣẹ́ ṣe, mo sá jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jáde lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó tà á fún mi ní ara mi á bá a mu tó bá yá. Kò bá a mu. Irú whey tí mo rà ni èyí tí wọ́n ń pè ní concentrate, ṣúgà mílíìkì ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbàlagbà ni inú wa kò sì lè da ṣúgà yẹn mọ́ láti ìgbà tí a ti dàgbà. Ìdí nìyẹn tí mo lè jẹ wàrà tán nínú abọ́ kí inú mi má rò ó: èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà ti bá omi kán lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní isolate kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà yẹn, ó kàn wọ́n ju èyí lọ ni. Mo wá ń mu ìlàjì ṣíbí lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbà yẹn ni àlàáfíà tó jọba.

Ṣé ó wá lé ìrora lọ? Nínú ìwé mi, oṣù àkọ́kọ́ láìmu nǹkan kan, máàkì ìrora ń lọ láàárín 6 sí 8. Oṣù kejì pẹ̀lú whey, ó wá sí 3 àti 4. Inú mi dùn, mo ti ń polówó fún gbogbo ará ilé. Àfi ìgbà tí a lọ sáré ní Òkè Àrẹ̀. A gun òkè náà dé ibi Ilé Ìṣọ́ Bower, a sì sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, nígbà márùn-ún. Whey wà nínú mi, creatine náà ti dé. Lọ́jọ́ kejì, 6. Lọ́jọ́ kẹta, 8, mo tún di akàn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Tí a bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè, iṣan itan ń fà láti gbé wa dúró bẹ́ẹ̀ ló sì ń gùn lọ, ìyẹn ló ń já a wẹ́wẹ́. Ìrora náà máa ń ga jù láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Kì í ṣe "acid" tí iṣan ń ṣe nígbà eré, tí àwọn ọmọ jíìmù máa ń pariwo, ló ń fà á. Ìyẹn ti kúrò lára kí èèyàn tó wẹ̀, kó jẹun. Ara tó bá sì ti ṣe eré kan rí, kì í dùn ún tó ti ìgbà àkọ́kọ́ mọ́, ì báà jẹ́ omi lásán lèèyàn ń mu. Ara mi ló ti mọ ìlóṣòó. Mo wá gbé oríyìn fún ike.

Ohun tí whey ṣe ni pé ó dí àlàfo. Àwọn onímọ̀ ní ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá gidi nílò pùrótíìnì bíi gíráàmù 1.4 sí 2 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n, lójúmọ́. Mo mú 1.6 fún ara mi, ó jẹ́ gíráàmù 125. Mo wá jókòó ṣírò oúnjẹ mi: búrẹ́dì àti tíì láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú ẹran ọmọ ìka méjì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́. Kò pé 60. Ikùn mi ń yó, iṣan mi ń gbààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣíbí whey kan, tó jẹ́ pùrótíìnì gíráàmù 24, ń bọ́ sí nǹkan bíi ₦1,900. Ẹyin mẹ́rin náà jẹ́ gíráàmù 24. ₦6,000 ni kéréètì kan nígbà tí mo ń kọ èyí, ₦800 nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja Títùs àti wàrà kún un, ẹ máa rí i pé owó ìrọ̀rùn ni mo ń san. Ọjọ́ tí mo bá ti jíìmù lọ síbi ìpàdé, ìrọ̀rùn yẹn wúlò. Ní ọjọ́ mìíràn, rárá.

Creatine ni mo rò pé ó máa já mi kulẹ̀, kò já mi kulẹ̀. Kò ní adùn, kò ní òórùn, ó kàn ń rọ̀ sísàlẹ̀ ife bí yanrìn ni. Sínú ògì gbígbóná ni mo ń rò ó pọ̀. Ó wà nínú ẹran àti ẹja, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wa náà ń ṣe é, iṣan ló ń tọ́jú rẹ̀ fún agbára kíákíá. Àwọn kan ń mu gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan kó lè tètè kún. Èmi ń mu 5, mo ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kìlógíráàmù 1.4 ló kún mi lára ní ọ̀sẹ̀ méjì, omi ni. Ìyá Dámi ní, "Bàbá Dámi, jíìmù tẹ́ ẹ̀ ń lọ yìí, ṣé ẹ̀ ń sanra níbẹ̀ ni?" Ṣùgbọ́n irin kìlógíráàmù 80 tí mo ń gbé lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lóṣù kẹrin, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì sì ti ń tó mi. Ọ̀rọ̀ ìrora, kò ṣe nǹkan kan sí i.

Ohun kan: nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, creatinine mi, ìyẹn ìdọ̀tí tí creatine ń dà nínú ara tí kíndìnrín sì ń sẹ́ dànù, ga díẹ̀, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè nípa kíndìnrín. Mo sọ fún un pé mò ń mu creatine, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dá a dúró ná, kí n padà wá. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti wálẹ̀. Ẹ tètè máa sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tí kíndìnrín bá sì ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó fẹnu kàn án.

Bàbá kan ládùúgbò wa ní mo ń fi owó ṣòfò, pàrágà ló dára jù. Mo tọ́ ọ wò nígbà kan. Mo sùn fọnfọn, ṣùgbọ́n ìrora náà ti jí kí n tó jí, ọtí a sì máa fa iṣẹ́ àtúnṣe iṣan sẹ́yìn. Bí ìtọ̀ yín bá sì dúdú bíi Coke lẹ́yìn eré àṣejù, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, ẹ má jókòó máa po páúdà: iṣan tó fọ́ ló ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín yẹn.

Ẹ wo nọ́mbà NAFDAC lára ike, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ rí i pé ìdérí inú kò tíì yà. Nínú márùn-ún, mo fún whey ní 3, creatine ní 4. Creatine ń tán lọ, mo máa ra òmíràn. Mi ò ní ra whey mọ́. Ìyá Dámi ti fọ ike rẹ̀, èlùbọ́ ló wà nínú rẹ̀ báyìí.