Dróònù tó ń kìlọ̀ pé báàlù ń bọ̀: oṣù mẹ́fà mi lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú ológun

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi dróònù ya àwòrán oko fún àwọn olóko. Ọ̀kan nínú àwọn oko náà kò ju kìlómítà 3 lọ sí ibi tí báàlù àwọn ológun ti ń gbéra, ìdí nìyẹn tí mo fi ra èyí. Wọ́n ní ó máa ń gbọ́ ADS-B, àmì tí báàlù fi ń kéde ibi tó wà lórí 1090 MHz, á sì fi báàlù náà hàn mí lójú rìmóòtù.

Tó bá jẹ́ ti báàlù akérò, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ti dún nígbà tí mo gbójú sókè tí n kò tíì rí nǹkan kan. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, dróònù mi wà ní gíga mítà 80, mo gbọ́ híhó kan lẹ́yìn igi. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, báàlù ogun méjì ti kọjá fìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Rìmóòtù kò dún rárá. Àyà mi já, mo sọ dróònù kalẹ̀, n kò sì gbé e sókè mọ́ lọ́jọ́ náà.

N kò dá dróònù lẹ́bi. Àwọn ológun lè pa àmì ADS-B báàlù wọn, òmíràn ò tilẹ̀ ní in. Ẹni tó bá sì ń sọ pé òun wà lábẹ́ mítà 120 tí òfin gbà ní ibi púpọ̀, kò séwu, kó gbọ́ èyí: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báàlù ogun ń fò ní ẹsẹ̀ bàtà 250 fún ìdánrawò. Mítà 76 péré nìyẹn.

Nítorí náà, ìyọ̀ǹda ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi dróònù wọ agbègbè tí wọ́n pààlà sí yí pápákọ̀ ká láìgbàṣẹ, bó ti wù kó kéré tó. Mo máa ń kọ ibi, gíga àti àkókò ránṣẹ́ sí àwọn ológun pápákọ̀ wa ṣáájú, mo sì ń pè wọ́n kí n tó gbéra àti lẹ́yìn tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Nígbà kan, ẹni tó gbé fóònù ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù di aago mẹ́wàá, báàlù wa ń gbéra lọ́wọ́.” Mo jókòó sábẹ́ igi dè wọ́n. Àbúrò mi náà ń bá mi lọ báyìí. Ojú ọ̀run nìkan ni ó ń wò, kì í wo rìmóòtù. “Bọ̀dá, ìró ń bọ̀ lápá ọ̀tún!” ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ tètè yí gíga ìpadàsílé dróònù yìí padà. Bí àmì rìmóòtù bá já, dróònù á kọ́kọ́ gòkè dé gíga yẹn kó tó máa bọ̀. Mítà 100 ni mo bá lórí tèmi, bẹ́ẹ̀ igi tó ga jù lóko náà kò ju mítà 18 lọ. Mo sọ ọ́ di 30.

Àwòrán rẹ̀ mọ́, bátìrì ń gbé mi dé nǹkan bíi ìṣẹ́jú 26. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn kámẹ́rà sí pápákọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé àwọn ni mò ń yà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún un. Máàpù inú rẹ̀ kì í fi NOTAM hàn, ìyẹn ìkéde fún àwọn tó ń fò, bíi pé wọ́n ti òfuurufú ibì kan pa fún ìgbà díẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ń lọ wá a láràárọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi í síbẹ̀, mo máa fi ìkarùn-ún kún un.