Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin ẹlẹ́yẹ tó ń ta odídẹrẹ́ kiri ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀yọ́ náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń ta odídẹrẹ́. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó ẹyẹ lórí WhatsApp àti Facebook, tó tún máa ń so kéèjì sẹ́yìn ọ̀kadà wá sí apá Tákìé. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pe ara rẹ̀ fún àwa mẹ́ta tó lù ní jìbìtì, a ò sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọgbọ́n tó ń ta ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí kò tíì pààrọ̀ ìyẹn.

Odídẹrẹ́ kan wà nílé wa tí bàbá mi mú wálé nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Labákẹ́ là ń pè é. Ó ti lé ní ogún ọdún lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ kò tíì dàgbà jù, torí odídẹrẹ́ tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo 40 ọdún, òmíràn á lo 60. Bí géètì wa bá ti ké, Labákẹ́ á ní, "Ta nìyẹn o?" Ohùn bàbá mi gan-an ló fi ń sọ ọ́, títí kan ikọ́ díẹ̀ tí wọ́n máa ń wú kí wọ́n tó la ẹnu. Bàbá ti papò dà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹyẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí i pé Labákẹ́ ń dá jókòó jù, pàápàá lọ́jọ́ tí èmi àti ìyá mi bá jọ lọ sọ́jà. Mo ní kí n wá ẹnìkejì fún un. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan fi nọ́ńbà ọkùnrin yìí ránṣẹ́ sí mi.

Ẹnu rẹ̀ dùn. "Mọ́mì mi, ẹ má ṣèyọnu rárá, ọmọ yín ni mí." Ó fi fídíò ránṣẹ́: odídẹrẹ́ kan ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà," ó ń súfèé, ó ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní ọmọ oṣù mẹ́fà ni, pé inú ilé ni ìyá rẹ̀ ti pa ẹyin rẹ̀, kì í ṣe ẹyẹ ìgbẹ́. Ìkòm, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ló ní ó wà. ₦120,000 ni iye rẹ̀, kí n san ìdajì. Mo san án. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí pé ẹyẹ ti wà nínú mọ́tò, àmọ́ wọ́n dá mọ́tò náà dúró lójú ọ̀nà, kí n fi ₦18,000 kún un fún ìwé àṣẹ. Mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún bèèrè owó kéèjì, ₦7,500. Mo tún fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ìwé yẹn díẹ̀, torí òun ló fi ń mú àwọn tó kàwé. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ CITES gàdàgbà sí i lókè, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i nísàlẹ̀. CITES ni àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí òwò àwọn ẹ̀dá tó ń parẹ́. Ìwé rẹ̀ wà fún ẹran àti ẹyẹ tí wọ́n fẹ́ gbé kọjá ẹnubodè láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Kò kan mọ́tò tó ń bọ̀ láti Cross River sí Ọ̀yọ́ rárá. Àti pé ní ìpàdé Johannesburg lọ́dún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi odídẹrẹ́ sí ìpele tó le jù, tó fi jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni wọ́n ti fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó lọ tà sókè òkun. Ilẹ̀ wa náà ní òfin tirẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dá tó ń parẹ́ láti 1985, wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè fi ₦18,000 gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lójú títì láàárín wákàtí kan, irọ́ ló ń pa.

Ọ̀pọ̀ jìbìtì ẹyẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò tilẹ̀ sí ẹyẹ kankan nídìí rẹ̀. Wọ́n á jí fídíò ẹlòmíràn, owó á wá máa tẹ̀lé owó: owó mọ́tò, owó ìwé, owó abẹ́rẹ́, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, títí yóò fi sú ẹni tó ń san án. Tèmi yàtọ̀, torí ó gbé ẹyẹ wá lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ló dé, iná ò sì sí. Ẹyẹ náà jókòó jẹ́ẹ́ sí ìsàlẹ̀ kéèjì. Mo na ọwọ́ sí i, mo fọwọ́ pa á lórí, kò mira. "Ṣé ẹ rí i bó ṣe tutù, Mọ́mì? Ẹyẹ ilé nìyẹn." Ó gba owó tó kù, ó tan ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí mo ká aṣọ kúrò lára kéèjì láàárọ̀, ẹyẹ náà kùn mọ́ mi bí ajá tí wọ́n fẹ́ gba eegun lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi ara gbá irin kéèjì títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ ní ìdí àgógó rẹ̀. Odídẹrẹ́ tó mọ ọwọ́ ènìyàn kì í kùn báyẹn. Dókítà ẹran tí mo lọ rí lẹ́yìn náà sọ pé ó jọ pé ọtí tàbí oògùn oorun ni wọ́n rọ sí i lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e wá.

Nínú ìmọ́lẹ̀ ni mo tó rí gbogbo ohun tó yẹ kí n ti rí. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyẹ̀fun àgbàdo pupa. Ojú ọmọ odídẹrẹ́ dúdú ni, á wá di eérú, á tó bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa di bẹ́ẹ̀, nítorí náà àgbà ẹyẹ ló pè ní ọmọ oṣù mẹ́fà. Mo tún fídíò náà wò: òrùka wà lẹ́sẹ̀ òsì ẹyẹ inú fídíò, òrùka ò sí lẹ́sẹ̀ tèmi. Òrùka tí kò ní ojú ìso yẹn, ìgbà tí ẹyẹ ṣì kéré nìkan ni wọ́n lè fi sí i. Bí ẹsẹ̀ bá ti tóbi, kò ní wọlé mọ́, kò sì ní jáde. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì dì í mú, mo ṣí apá rẹ̀. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé ìyẹ́ rẹ̀ wúruwùru, ẹ̀gbẹ́ kan péré. Abẹ́ apá kejì lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo fi ìka tú u, àtè ni, dúdú, pẹ̀lú èérún koríko nínú rẹ̀. Wọ́n fi àtè mú un lórí igi. Mo fọwọ́ ra àyà rẹ̀, eegun àárín rẹ̀ mú bí ojú ọ̀bẹ, kò sẹ́ran lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìgbẹ́ àwọ̀ ewé ti gan mọ́ ìdí rẹ̀.

Igbó ńlá ni odídẹrẹ́ ń gbé, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni tiwa níbí. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà jíjìn ló ti wá, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bá mú báyẹn ló sì ń kú kí wọ́n tó dé ọwọ́ ẹni tó máa rà wọ́n. Àwọn àgbà máa ń ṣàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Èyí kú sínú kéèjì nílé mi, lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Pálọ̀ kan náà ni mo gbé òun àti Labákẹ́ sí láti ọjọ́ kìíní. Ẹyẹ tuntun gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá ọ̀tọ̀ fún ó kéré tán 30 ọjọ́, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀, ẹ ó sì fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹyẹ àtijọ́. Lọ́jọ́ kejìlá Labákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ti ń mí. Dókítà ní òun fura sí psittacosis, ó fún wa ní oògùn ọjọ́ 45, ó sì ní àrùn yìí lè ran ènìyàn láti inú eruku ìgbẹ́ ẹyẹ, kí èmi àti ìyá mi tètè lọ rí dókítà tiwa bí ibà, ẹ̀fọ́rí tàbí ikọ́ gbígbẹ bá mú wa, ká má sì gbàgbé láti sọ pé a ní ẹyẹ nílé. Ọlọ́run ṣé e, kò mú wa.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà pé ẹyẹ ti kú, ó kọ́kọ́ ní píà ni mo fún un jẹ. Lóòótọ́ píà lè pa odídẹrẹ́, ẹ má fún wọn jẹ o, ṣùgbọ́n kò sí píà nílé wa. Ó yí ohùn padà. Ó ní kí n má ju òkú rẹ̀ nù, òun á fún mi ní ₦5,000, torí ìkóódẹ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé bí ẹyẹ yè, bí ẹyẹ kú, èrè ni fún un. Mo sin ín sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú gbogbo ìyẹ́ pupa rẹ̀. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà rẹ̀ kò ti gba ìpè mi mọ́.

Bàbá kan ní Arówómọlé ra ẹyẹ kékeré méjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọ ọmọ wọn. Ó ní láfúbọ́ọ̀dù ni wọ́n. Nígbà tó di alẹ́, omi abọ́ wọn ti di búlúù, ìka ọmọ náà sì ti di búlúù pẹ̀lú. Ẹ̀gà ni wọ́n rẹ láró. Ẹ bu omi sórí òwú funfun, ẹ fi nu ẹ̀yìn ẹyẹ kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ sì wo ẹsẹ̀: gbogbo ẹbí odídẹrẹ́, tó fi mọ́ láfúbọ́ọ̀dù, ìka méjì ló wà níwájú, méjì lẹ́yìn. Ti ẹ̀gà, mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ẹnìkẹta jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Ẹyin mẹ́rin ló tà fún un, pé kó kó wọn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin. Ẹyin odídẹrẹ́ funfun, ti ẹyẹlé náà funfun, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ ń lo bí ọjọ́ 28 kó tó pa, ẹyẹlé ń lo bí 18. Ọjọ́ kejìdínlógún ni ọ̀kan pa. Ọmọ ẹyẹlé ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀ yín láti ra ẹyẹ, ẹ lọ bá a níbi tí ẹyẹ ń gbé, lọ́sàn-án gangan, kí ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan. Bó bá jọ pé wọ́n ti fún un ní oògùn oorun, ẹ pa dà lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹ má san ìdajì, ẹ má san owó ìwé. Bó bá sì jẹ́ odídẹrẹ́ tí àtè wà lábẹ́ apá rẹ̀, ẹ má fi àánú rà á, torí owó yín ni yóò fi lọ mú mẹ́wàá mìíràn.

Labákẹ́ yè. Ó ti tu gbogbo ìyẹ́ àyà rẹ̀, àmọ́ ó ti ń jẹ ẹyìn bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Géètì ń ké lójoojúmọ́, kò tíì bèèrè ta nìyẹn.

Ọkùnrin yìí ti gba nọ́ńbà tuntun, wọ́n rí òun àti kéèjì rẹ̀ ní Sábó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, tó ní rìsíìtì àkáǹtì tàbí ohùn rẹ̀ lórí WhatsApp, kó má pa á rẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ajé.