FLIRT, ANTs àbí SPM: èwo ni kí ẹ gbé lé láptọ́ọ̀pù yín l'Ákùúrẹ́?

Àwọn àbúrò tó ń fi àwòrán MRI ṣe ìwádìí, láti FUTA dé UNIMED l'Óǹdó, sábà máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká rà?" FLIRT, ANTs àti SPM ni wọ́n ń sọ, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú àwòrán ọpọlọ bára mu. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún akẹ́kọ̀ọ́. Láptọ́ọ̀pù, iná àti dátà ló ń jẹ owó, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti yan èyí tó bá yín lára mu.

Orí ò dọ́gba. Kí a tó fi ọpọlọ ogún èèyàn wéra, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá bátànì kan mu, ìyẹn àwòrán ọpọlọ kan tí gbogbo èèyàn fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni MNI152, tí wọ́n fi orí èèyàn 152 ṣe ní Montreal, ní Kánádà. Ara àwọn èèyàn náà le, wọn ò sì tíì darúgbó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

FLIRT wà nínú FSL, àkójọ ètò tí àwọn ará Oxford ṣe. Ó ń sún àwòrán, ó ń yí i, ó ń fẹ̀ ẹ́ tàbí kó sún un kì, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12 lápapọ̀. Bí ìgbà téèyàn ń tún fìlà dé ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, bátìrì láptọ́ọ̀pù nìkan sì tó o. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àwòrán ẹni 70 ọdún sí i, ẹ ó rí i: etí òde orí yóò bá bátànì mu, àwọn yàrá omi àárín ọpọlọ yóò sì fẹ̀ kọjá ààlà wọn lórí bátànì. FNIRT, tó wà nínú FSL kan náà, ló ń ṣàtúnṣe inú, FLIRT sì gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Lórí Windows, WSL, ìyẹn Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows, ni ẹ máa fi ṣiṣẹ́ FSL. Bó bá sì jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń pawó ló fẹ́ lò ó, owó ìwé àṣẹ wà níbẹ̀.

ANTs ni èmi fẹ́ràn jù. SyN, ọ̀nà ìbáramu tó wà nínú rẹ̀, ń po àwòrán yín àti bátànì bí amọ̀, ó ń mú àwọn méjèèjì pàdé láàárín. Nígbà tí wọ́n dán ọ̀nà 14 wò lọ́dún 2009, SyN wà lára àwọn tó ta yọ. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ò yọ oníṣòwò sílẹ̀. RAM ni ìyà rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù 8GB ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ìdajì RAM ni WSL máa ń lò bí a kò bá sọ nǹkan kan fún un. Iṣẹ́ ń lọ, ó dé ibi tó le, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde: "Killed". Fáìlì .wslconfig, tí a fi ń ṣètò WSL, ni mo fi bù kún RAM tó ń lò. Iṣẹ́ kíkún lè ju wákàtí kan lọ; bíná bá lọ láàárín, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpìlẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi antsRegistrationSyNQuick.sh, ẹ̀dà tó yára, dán an wò.

SPM wá láti University College London. Ojú rẹ̀ rọrùn, bọ́tìnì lẹ ó máa tẹ̀, kò sì pọn dandan kí ẹ bó egungun orí kúrò lára àwòrán. MATLAB, ètò ìṣirò tí SPM ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ló ń jẹ owó. Bí ẹ̀ka yín bá ti ní in, ẹ má wá òmíràn lọ. Bí kò bá sí, ẹ gba ẹ̀dà tó ń lo MATLAB Runtime, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ibi tí orí wà nínú àwòrán bá jìnnà sí ti bátànì, ó ń ṣìnà. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Bí ẹ bá dé òpópónà Ọba Adésìdá láti ra láptọ́ọ̀pù, RAM 16GB àti SSD ni kí ẹ bèèrè. Ẹ má sanwó nítorí káàdì àwòrán (GPU) ńlá: FLIRT àti ANTs ò lò ó. Ìwádìí ni ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà fún, kì í ṣe láti fi sọ àìsàn aláìsàn.

Kí ẹ tó fi ogún èèyàn síṣẹ́, ẹ ṣe ẹyọ kan. Ẹ gbé ààlà bátànì lé e lórí, ẹ wo etí àwọn yàrá omi náà àti ọpọlọ ẹ̀yìn, kí ẹ sì rí i dájú pé ọ̀tún ò tíì di òsì.