Tábúlẹ́ẹ̀tì Wo Ló Yẹ Olórin: iPad, Android tàbí Windows?

Ẹni tó bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí yóò máa fi ṣe orin yóò kà nípa bí ojú ẹ̀rọ náà ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe yára tó àti bí kámẹ́rà rẹ̀ ṣe dára tó títí yóò fi sú u, síbẹ̀ kò ní rí ibi tí wọ́n ti sọ bóyá ẹ̀rọ náà ṣeé fi lu ìlù. Ìbéèrè méjì ni mo gbà pé ó yẹ kí olórin fi yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó tọwọ́ bọ àpò. Àkọ́kọ́ ni pé, bí ìka bá kan ojú ẹ̀rọ, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ohùn tó jáde? Èkejì ni pé, bí mo bá ra ohun èlò orin kan lọ́tọ̀, ṣé yóò wọlé sínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe nínú áàpù mìíràn, àbí yóò dá dúró sí àyè tirẹ̀? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo gbé ka iwájú iPad, àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì Android àti àwọn ti Windows, ìdáhùn wọn sì jìnnà síra gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ìdádúró ohùn ná. Ẹ̀rọ kì í gbé ohùn jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ló máa ń kó o jọ ní ìdì-ìdì kí ó tó rán an lọ sí etí wa. Bí ìdì kan bá jẹ́ sample 256 (sample ni ègé ohùn tó kéré jù lọ tí ẹ̀rọ ń kà), tí ẹ̀rọ sì ń ka sample 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdì yẹn nìkan ti gba mílísẹ́kọ́ǹdù 5.3. Bí ó bá jẹ́ 1,024, ó ti ju mílísẹ́kọ́ǹdù 21 lọ, a kò sì tíì ka àkókò tí ojú ẹ̀rọ fi mọ̀ pé ìka kan òun. Ọ̀nà tó rọrùn wà tí ẹnikẹ́ni lè fi dán ẹ̀rọ kan wò kí ó tó rà á. Ẹ ṣí áàpù ìlù èyíkéyìí, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù díẹ̀, kí ẹ sì fi orí èékánná lu ibi tí ìlù wà lójú ẹ̀rọ. Bí dídún èékánná lára gíláàsì bá wọnú ohùn ìlù tó fi dà bí ohùn kan ṣoṣo, ẹ̀rọ náà ṣeé lò. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ èékánná, tí ìlù wá tẹ̀ lé e, ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ṣáájú àsìkò kí ohùn lè bọ́ sí àyè rẹ̀, ìlù náà kò sì ní rọ ẹni tó ń lù ú lọ́rùn mọ́, ì báà jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lù bí ẹni máa kú.

Nínú ìdánwò yìí, iPad ló gba iwájú, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Ilé-iṣẹ́ Apple ló ń ṣe ẹ̀rọ náà, òun náà ló sì ń ṣe ètò tó ń darí rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Core Audio, bákan náà ló rí láti orí iPad kan dé òmíràn. Ẹni tó ń ṣe áàpù dùùrù mọ ohun tí yóò bá pàdé lórí gbogbo wọn. Ó sì ti pẹ́ tí Apple ti fi ọ̀rọ̀ orin sọ́kàn lórí ẹ̀rọ yìí: ní ọdún 2010 tí iPad àkọ́kọ́ jáde náà ni iOS 4.2 gbé Core MIDI wá (MIDI ni èdè tí ohun èlò orin àti ẹ̀rọ fi ń sọ nóòtì tí a tẹ̀ fún ara wọn), tó fi di pé ènìyàn lè so dùùrù gidi mọ́ ọn, GarageBand, áàpù ìṣorin ti Apple, sì dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ní ọdún 2015, iOS 9 mú ìlànà kan wá tó ń jẹ́ AUv3, èyí tó jẹ́ kí ohun èlò orin tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe lè ṣí sínú áàpù tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, gẹ́gẹ́ bí plug-in, ìyẹn ohun èlò tí a ń fi kún ètò ìṣorin, ṣe ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Ká ní mo ń ṣe orin nínú áàpù ìṣorin Cubasis, tí ohùn báàsì tó bá a wá kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Màá fọwọ́ kan ìlà báàsì náà, màá yan Model D, ohun èlò orin tí ilé-iṣẹ́ Moog ṣe, ojú rẹ̀ yóò sì ṣí sínú iṣẹ́ mi níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnì rẹ̀. Mo lè yí èyí tó ń dín ìmú ohùn kù bí orin ṣe ń lọ lọ́wọ́, Cubasis yóò sì gba bí mo ṣe ń yí i sílẹ̀. Mo lè ṣí Model D kejì fún ohùn mìíràn nínú orin kan náà. Bí mo bá pa iṣẹ́ yẹn dé, tí mo tún ṣí i lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo bọ́tìnì ni yóò wà níbi tí mo fi wọ́n sí. Ẹni tí kò nílò áàpù ńlá rárá lè lo AUM, míkísà kan tó ń gba AUv3 bí ẹ ṣe fẹ́ kó wọn sínú rẹ̀ tó, kí ó máa to ohun èlò jọ síbẹ̀ fún eré ojú agbo. Nítorí ìlànà kan ṣoṣo yìí, owó tí a bá ná lórí ohun èlò lónìí kì í ṣòfò bí a bá pààrọ̀ áàpù lọ́la.

Èyí kò sọ pé iPad kò ní àléébù. Logic Pro, áàpù ìṣorin ńlá ti Apple tó dé orí iPad ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò ṣeé rà lẹ́ẹ̀kan kí ó di tẹni. Owó oṣooṣù tàbí ti ọdọọdún ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Inú mi kò dùn sí i, nítorí pé orin tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò yẹ kó di ohun tí yóò máa sanwó lé lórí kí ó tó lè máa bá a ṣiṣẹ́ lọ. Cubasis àti FL Studio Mobile ṣì ṣeé rà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́ sì ni GarageBand. Àléébù kejì ni pé iPad kò ní ojú ihò tí a lè ki káàdì ìkópamọ́ bọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn kan ṣoṣo tí a gbà sílẹ̀ ní 24-bit àti 48 kHz ń gba nǹkan bíi megabyte 8.6 ní ìṣẹ́jú kan. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin tó ní ìlà ohùn mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba megabyte 350, láì ka gbogbo èyí tí a kọ tí a sì kọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ohùn ẹnu kò gbọdọ̀ ra èyí tí àyè rẹ̀ kéré jù.

Ọ̀rọ̀ Android ṣòro díẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí láìṣègbè. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì Android pọ̀ lọ súà, oníkálùkù ló sì ń la ọ̀nà tí ohùn ń gbà nínú ẹ̀rọ tirẹ̀. Google ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí èyí: Android 6.0 gba MIDI wọlé ní ọdún 2015, Android 8.0 mú AAudio wá ní ọdún 2017 kí ìdádúró ohùn lè dín kù, wọ́n sì fi òdiwọ̀n lélẹ̀ pé ẹ̀rọ tó bá ní òun tó ti akọṣẹ́mọṣẹ́ ní ti ohùn gbọ́dọ̀ lè gbé ohùn wọlé kí ó sì gbé e jáde láàárín mílísẹ́kọ́ǹdù 20 péré. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì kò dé ojú òdiwọ̀n yẹn, wọn kì í sì í kọ ọ́ sára páálí. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìdánwò èékánná.

Ní ti áàpù, ẹni tó ń lo Android kò tòṣì. FL Studio Mobile ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2013, Cubasis 3 dé ní ọdún 2020, BandLab wà lọ́fẹ̀ẹ́, Koala Sampler náà sì wà fún ẹni tó fẹ́ràn láti gé ohùn wẹ́wẹ́ kí ó tún un tò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ìlànà tó so wọ́n pọ̀ bí AUv3 ṣe so ti iPad pọ̀. Ohun èlò tó wà nínú FL Studio Mobile, inú FL Studio Mobile náà ni yóò gbé. Bí mo bá fẹ́ lò ó nínú Cubasis, àfi kí n sọ ọ́ di fáìlì WAV kí n tó gbé e lọ, bí mo bá sì fẹ́ yí nóòtì kan padà, màá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí, nítorí pé ọwọ́ àwọn tó ń lo Android pọ̀, ẹ̀bùn wọn kò sì kéré. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń ṣe bíìtì nínú áàpù kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àìsí ìlànà yìí kò pa á lára. Ó tún ní àǹfààní méjì tí iPad kò ní: káàdì microSD lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti fáìlì tó rọrùn láti kó wọlé àti láti kó jáde.

Tábúlẹ́ẹ̀tì Windows, irú bíi Surface Pro tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2013, kọ̀ǹpútà gidi ni, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ableton Live, Reaper àti FL Studio tó pé pérépéré ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, plug-in VST (irú èyí tí àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà ń lò) tí ènìyàn ti ń rà bọ̀ látọjọ́ yìí sì ń bá a lọ. Ibi tó ti kù káàtó ni ìka. Wọ́n ṣe púpọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí fún eku kọ̀ǹpútà, bọ́tìnì wọn kéré débi pé ìka ń tẹ méjì pọ̀. Bitwig Studio nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ní ojú tí wọ́n dìídì ṣe fún fífọwọ́ kàn. Ohùn Windows kì í sì í yára tó bí a kò bá so ẹ̀rọ agbohùn (àpótí tó ń gbé ohùn wọlé tó sì ń gbé e jáde) tó ní dírafà ASIO, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí ohùn yára, mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra Surface Pro tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Snapdragon láti ọdún 2024 ní láti ṣe ìwádìí ohun kan kí ó tó sanwó: dírafà tí a ṣe fún Intel kò lè ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ yẹn rárá, nítorí náà àfi kí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ agbohùn rẹ̀ ti gbé dírafà ti ARM, ìyẹn irú èyí tí Snapdragon jẹ́, jáde.

Ohun kan wà tó kan gbogbo wọn. Hẹ́ẹ̀dífóònù Bluetooth dára fún gbígbọ́ orin tó ti parí, ṣùgbọ́n kò dára fún lílu ohun èlò, nítorí pé ìdádúró rẹ̀ sábà máa ń ju mílísẹ́kọ́ǹdù 100 lọ. Hẹ́ẹ̀dífóònù oníwáyà ni kí a lò. Bí a bá sì fẹ́ so ẹ̀rọ agbohùn USB mọ́ iPad tàbí Android, kí a yan èyí tí wọ́n kọ sí i lára pé ó jẹ́ class-compliant, ìyẹn èyí tí kò nílò dírafà tirẹ̀, kí a sì ra hub (ohun tí a fi ń so USB púpọ̀ pọ̀) tó ń gba iná láti ibòmíràn, torí pé agbára tí tábúlẹ́ẹ̀tì ń fún un kì í tó nígbà gbogbo.

Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú VST lórí kọ̀ǹpútà ni kí ó ra ti Windows. Ẹni tó ti ní tábúlẹ́ẹ̀tì Android tó yege ìdánwò èékánná kò ní ìdí láti pa á tì. Kí ó ra FL Studio Mobile sórí rẹ̀, nítorí pé FL Studio orí kọ̀ǹpútà lè ṣí iṣẹ́ tó bá ṣe níbẹ̀. Kí ó kàn rántí pé bí ó bá lọ sórí iPad lẹ́yìnwá ọ̀la, yóò tún áàpù náà rà. Gbogbo ẹni yòókù tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, iPad ni mo ní kí wọ́n rà, kò sì di dandan kí ó jẹ́ tuntun tàbí Pro. iPad kẹsàn-án tó jáde ní ọdún 2021 ní A13 nínú gẹ́gẹ́ bí ọpọlọ rẹ̀, èyí tó ju A12 tí Logic Pro béèrè fún nígbà tó jáde, ó sì ṣì ní ihò hẹ́ẹ̀dífóònù tí iPad Pro ti yọ kúrò láti ọdún 2018.