Káàdì A B D tí mo rà ní Dùgbẹ̀: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ mú bírò dání

Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bí ayékòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ "ilé" síwájú rẹ̀, ohun tó kà jáde ni "áì-ẹ́ẹ̀lì-í". Kò mọ̀ pé ilé tí òun ń gbé ni. Ojú tì mí, torí Yorùbá là ń sọ nílé wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìsọ̀ ìwé kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ìyá tó ń ta káàdì A B D yìí pè é ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, mo ná an dé ₦3,800. Káàdì 50 ló wà nínú páálí náà: lẹ́tà 25, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwòrán 25. Wọ́n fi bébà méjì tí ọ̀rá bò sí i, tí ọmọ lè kọ nǹkan sí kó sì nù ún, àti máàkà kan tó gbẹ lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má ka máàkà yẹn kún rárá.

Lẹ́tà pé, wọ́n sì tò wọ́n bó ṣe yẹ. Gb ní káàdì tirẹ̀. Kò sí c, kò sí q. Èyí dùn mọ́ mi jù, torí ibẹ̀ gan-an ni ọmọ mi ti ń kọsẹ̀. Á pe g lọ́tọ̀, á pe b lọ́tọ̀, á wá ka "igbá" bíi pé nǹkan há a lọ́fun. Nígbà tí a sọ ọ́ dorin, a bí dí e ẹ fí gí gbí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nígbà tiwa, ọjọ́ mẹ́rin ló fi mọ̀ ọ́n tán. Fáwẹ̀lì Yorùbá kì í tan ọmọ jẹ: bó ṣe ń jẹ́ náà ló ṣe ń dún. I kì í di "áì", e kì í di "í". Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ó ti ń ka bàtà, ẹja, ọ̀bẹ fúnra rẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ẹni tó tẹ káàdì yìí wá ńkọ́? Àmì ohùn! Nínú káàdì ọ̀rọ̀ 25, mo kà á dáadáa, méje péré ló ní àmì. Wọ́n ya ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, wọ́n wá kọ "ọkọ" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ wò ó títí, ó ní, "Mọ́mì, ta ló fẹ́ nǹkan yìí?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ṣì í kà o, ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì í kọ. Lórí òmíràn, àmì abẹ́ ẹ kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo mú bírò pupa, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni owó mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jèrè. A máa ń fi ẹnu kùn ún kí a tó kà á: igba, re re, igbá, re mí, ìgbà, dò dò. Nígbà míì, èmi á kùn ún, òun á wá káàdì rẹ̀ jáde. Etí ọmọdé mú gan-an. Ọwọ́ ni kì í tètè yá. Lẹ́tà tí wọ́n ní kó tọ lórí bébà ọlọ́ràá yẹn kéré jù fún un, ni mo bá bu iyanrìn sínú tíréè, ó ń fi ìka kọ ọ́ gàdàgbà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní mo fẹ́ fi Yorùbá ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ nì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 n'Ílé-Ifẹ̀." Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ti gbọ́. Wọn kò gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n bá àwọn ra tiwọn.

Bí ẹ kò bá mọ àmì í fi, ẹ má dá a rà o. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó bá yín fi í sí i kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún ìyá tó tà á fún mi pé kó jíṣẹ́ fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á sọ fún wọn.

Lánàá, mo bá ohun tí ọmọ mi kọ lẹ́yìn bébà owó iná wa: "Mo fẹ́ jẹ dodo." Àmì méjì péré ló gbàgbé.